Tábìlì Kẹta ní Ilé Iṣẹ́ Ọṣẹ

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo máa ń jí, kí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá tó jí. Mo máa ń tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì kí n tó gbé kẹ́tùlù lé e, kí ìdí rẹ̀ má baà ró. Ife omi méjì, láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ẹyin kan, tí mo fi ṣíbí sọ̀ kalẹ̀ sínú omi náà kí ó má fọ́. Bí omi bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mo máa ń yọ wáyà, màá bo ìdérí, màá máa ka nọ́ńbà lọ́kàn títí dé ọ̀ọ́dúnrún. Ẹyin á jinná díẹ̀. Omi kan náà ni mo fi ń po tíì. Ìdúró ni mo máa ń jẹ ẹ́, lẹ́nu fèrèsé, màá máa wo àwọn tó ń gbálẹ̀ nísàlẹ̀, màá sì kó èèpo ẹyin sínú àpò aṣọ mi kí n lè dà á nù níta. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé ẹni tí a jọ ń gbé mọ̀ pé mo máa ń jẹun.

Lónìí ni olùkọ́ wa pín wa sí ọ̀wọ́. Kò ní sí ìdánwò. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò lọ sí ilé iṣẹ́ gidi kan, yóò bá wọn wá ojútùú sí ìṣòro tó ń dà wọ́n láàmú. Ó ní, “Ẹ má mú ìdáhùn inú ìwé wá bá mi o. Mo ti ka ìwé yẹn.” Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni wọ́n fún wa. Nínú ọṣẹ mẹ́wàá tí wọ́n bá ṣe, ọ̀kan á sán lójú bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ kí ó tó lo ọjọ́ méjìlá nínú yàrá tí wọ́n ń sá a sí. Ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀ la ó lọ sọ ohun tí a rí níwájú máníjà.

Àwa mẹ́rin ni. Ọ̀kan ti sọ ara rẹ̀ di olórí kí a tó fìdí kalẹ̀, nítorí náà Olórí ni màá máa pè é níbí. Ọ̀kan ń jẹ ìdí bírò bí ẹni ń jẹ egungun: Ajẹbírò. Ẹnì kẹta, ọmọbìnrin, bí ìjókòó bá dún, ẹ̀rín ni: Ẹlẹ́rìn-ín. Olórí bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní mo lè máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” bí ẹni pé mo ní mo lè máa ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹta

Bọ́ọ̀sì méjì ni kí a tó dé ibẹ̀. Owó ọkọ̀ tún ti gbẹ́nu sókè.

Ooru ló kọ́kọ́ gbá mi lójú, òórùn tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ńlá kan ń ti ọṣẹ jáde lẹ́nu bí ahọ́n gígùn, ó gbóná, ó rọ̀. Wáyà ń gé e sí wẹ́wẹ́. Àwọn obìnrin ń fà á lọ sórí tábìlì mẹ́ta. Òǹtẹ̀ onírin kan wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà wálẹ̀, gbì! Orúkọ á hàn lójú ọṣẹ. Àmì tábìlì á hàn nídìí rẹ̀: ìlà kan, ìlà méjì, tàbí ìlà mẹ́ta.

Ẹni tó ń fa ti tábìlì kẹta, Màmá Olóǹtẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é. Yóò ti máa sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Apá ọ̀tún rẹ̀ tóbi ju tòsì lọ. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó wo ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ mi.

“Oníwèé, kí lò ń kọ?”

“Ohun tí mo bá rí ni, mà.”

“Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́. Láti ìgbà náà, Oníwèé ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, títí kan àwọn ọ̀wọ́ tèmi. Orúkọ àkọ́kọ́ tí mo gbà nílùú yìí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kẹta

Ìpàdé ní ilé ìkàwé. Olórí fẹ́ ṣe ètò kan sórí fóònù tí yóò máa sọ bí afẹ́fẹ́ inú yàrá tí wọ́n ń sá ọṣẹ sí ṣe gbóná tó, ní wákàtí wákàtí.

Ajẹbírò ní, “Ṣé ọṣẹ náà ló máa gbé fóònù dání ni?”

Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé lé wa jáde.

Mo ní ìbéèrè kan: ṣé tábìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọṣẹ wọn ń sán bákan náà? Ó dé orí ahọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé e mì.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹta

Mo dá lọ. Wọ́n gbé àwọn ọṣẹ tó sán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá fún mi nínú páálí, mo jókòó sílẹ̀, mo ń yí ìdí wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. 412 ni gbogbo wọn. Onílà kan jẹ́ 73. Onílà méjì jẹ́ 69. Onílà mẹ́ta jẹ́ 270.

Mo tún un kà. Iye kan náà ni.

Ọjọ́rú, 13 oṣù kẹta

Mo sọ ọ́ fún wọn. Olórí wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀.

“Ìwọ! Àṣé iná ń jó lábẹ́ ìkòkò yìí!”

Ó kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, pé tábìlì kẹta ni ìṣòro ti ń wá, pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ilé iṣẹ́ yẹ̀ wò. Mo ní ṣé kí a kọ́kọ́ bi Màmá fúnra rẹ̀ ná? Ó ní, “Kí la fẹ́ bi í? Nọ́ńbà kì í purọ́.” Mo pa ìwé mi dé. Ó fi ránṣẹ́ sí máníjà kí a tó dìde.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù kẹta

Wọ́n pè mí lọ jẹun. Ẹlẹ́rìn-ín sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo rẹ́rìn-ín sókè débi pé ohùn ara mi dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù kẹta

Màmá kò sí ní tábìlì kẹta. Ọkùnrin kan tí mi ò rí rí ló ń fa òǹtẹ̀ náà, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Mo lọ bá Oníbébà, obìnrin tó máa ń wé ọṣẹ.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, Màmá ńkọ́?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀.”

“Mà?”

“Máníjà ní ìwé ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ti fi hàn pé òun ló ń ba ọṣẹ jẹ́. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé ná. Ọdún mọ́kànlélógún! Ta lo ti rí tó ti irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ dé rí?” Ó wé ọṣẹ mẹ́rin kí ó tó tún sọ̀rọ̀. “Àlejò lójú, kò fi ríran.”

Kò mọ̀ pé èmi gan-an ni mo ka ọṣẹ náà. Mi ò sọ fún un.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ sọ fún Ajẹbírò pé bí ìjábọ̀ ìkẹyìn wa bá tún sọ ohun kan náà, wọn ò ní pe Màmá padà mọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló kù kí a lọ síwájú máníjà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kẹta

Mi ò lọ kíláàsì. Mo fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kẹta

Mo bẹ ọ̀gá kí ó jẹ́ kí n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ láti aago méje títí tí wọn yóò fi ṣíwọ́. Orí báàkẹ́ẹ̀tì ni mo jókòó sí. Ní wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan ju ọwọ́ lọ. Ọwọ́, ọṣẹ, gbì.

Aago mẹ́wàá, agogo dún. Wọ́n pa ẹ̀rọ, gbogbo wọn jáde lọ sí àgbàlá fún ìpàdé máníjà. Ojoojúmọ́ ni, ogún ìṣẹ́jú. Á sọ iye tí wọ́n ṣe lánàá, á bi wọ́n pé kí ni wọ́n lè ṣe kí iṣẹ́ tètè yá sí i. Èmi nìkan ni mo kù, èmi àti ọṣẹ tí wáyà ti gé tí wọn kò tíì tẹ̀. Ó tó ọgọ́ta lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jókòó bíi tèmi.

Nígbà tí wọ́n padà, obìnrin tábìlì kìíní fi ìka tẹ ọṣẹ kan, ó pòṣé.

“Ó ti gan.”

Ó kó gbogbo èyí tó wà níwájú rẹ̀, ó tì í sí tábìlì kẹta. Ti tábìlì kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ wo ojú ara wọn, bí ẹni tí ń da ilẹ̀ nù. Ọkùnrin tuntun náà wo òkìtì yẹn bí ẹni rí ejò.

“Kí ni kí n fi èyí ṣe?”

“Tẹ̀ ẹ́!”

“Ṣé òkúta ni mo fẹ́ máa lù ni?”

Ohùn mi jáde kí n tó mọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe é?”

Obìnrin tábìlì kìíní ní, “Bó bá ti le, Màmá là ń gbé e fún. Òun nìkan lapá rẹ̀ ká a. Bó bá jẹ́ àwa ni, orúkọ ò ní hàn, ọ̀gá á ní ká dà á padà sínú ẹ̀rọ, iṣẹ́ á di méjì.”

“Láti ìgbà wo, mà?”

“Láti ìgbà ìpàdé yìí náà ni. Oṣù kẹsàn-án.”

Nínú ìwé tí máníjà kọ sí yunifásítì láti fi ṣàlàyé ìṣòro náà, lójú ewé kejì, ó kọ ọ́ pé oṣù kẹsàn-án ni ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sán. A ti kà á, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọṣẹ tó ti tutù á gba òǹtẹ̀ tí apá bá le, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ti là. Ìgbà tó bá ń gbẹ ló máa fi hàn lójú. Gbogbo èyí tó ti kú kí ó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ Màmá ni wọ́n ń kó o sí, nítorí pé òun ló mọṣẹ́ jù. Mo jókòó sílẹ̀, mo ka ìlà, mo sì gbé orúkọ rẹ̀ lọ fún máníjà.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù kẹta

Olórí ò gbà.

“A ti kọ ọ́, a ti fi ránṣẹ́. Ṣé kí n lọ sọ fún máníjà pé ìpàdé tó fi ń yangàn ló ń fọ́ ọṣẹ rẹ̀? Òun ló máa fún wa ní ìdajì máàkì o!”

“Obìnrin kan wà nílé,” ni mo sọ.

“Ṣé èmi ni mo ní kó máa gba òkúta lọ́wọ́ wọn?”

Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín. Ajẹbírò yọ bírò lẹ́nu. Ó ní, “Ká dán an wò. Ọwọ́ kan náà, òǹtẹ̀ kan náà, ọgọ́rùn-ún gbígbóná, ọgọ́rùn-ún tútù. Bí Oníwèé bá parọ́, ọṣẹ á tú u fó.” Ẹlẹ́rìn-ín nawọ́ sókè. Mo nawọ́ sókè. Olórí ní ọwọ́ mẹ́ta kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ó jókòó padà.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù kẹta

Òjò látàárọ̀. Ìyá mi pè. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣẹlẹ̀ sí.

“Ọ̀rẹ́ rẹ yìí, ṣé ó ń sùn?”

“Kò fi bẹ́ẹ̀ sùn, mà.”

“Sọ fún un pé òkò tí a bá sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Kó jẹun dáadáa.” Kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní, “Ìwọ náà, bá a jẹ ẹ́.”

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kẹta

A ti dán an wò. Ọ̀gá fún wa ní wákàtí kan ṣoṣo. Obìnrin tábìlì kejì ló tẹ gbogbo rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún bí ó ṣe ń jáde, fẹ́ẹ́rẹ́. Ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú: ọwọ́ méjèèjì ló fi rọ̀ mọ́ irin náà, ó ń búra pé bí apá òun bá yẹ̀, inú yàrá mi lòun ń bọ̀ wá gbé. Mo fi abẹ́rẹ́ ṣàmì sí wọn létí. Ọjọ́ méjìlá.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù kẹta

Kò sí èyí tó sán.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹrin

Ọ̀kan nínú tútù. Ọ̀kan nínú gbígbóná. Olórí rí mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. “Oníwèé, ọṣẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí?” Mo rìn yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹrin, mo tún padà wá jókòó, mo tún dìde.

Bí kò bá jẹ́ òtútù náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé mo tún ti ṣì í lẹ́ẹ̀kejì?

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹrin

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ètè mi ń là. Tútù: 9. Gbígbóná: 1. Ọ̀gá ní kí n yéé fọwọ́ kàn wọ́n, pé ọṣẹ kì í ṣe aláìsàn.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹrin

Tútù: 38. Gbígbóná: 3.

Olórí gbé páálí méjèèjì sílẹ̀, ó ń wo ọṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn síbí, ó ń yí wọn sọ́hùn-ún. Ó pẹ́ gan-an. Kò bá mi jiyàn mọ́. Nígbà tó yá, ó ní, “Ta ló máa sọ ọ́ fún un?”

Ajẹbírò wo òrùlé. Ẹlẹ́rìn-ín wo bàtà rẹ̀.

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹrin

Mo ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ògiri láàárọ̀, mo rò pé ẹni tí a jọ ń gbé ti jáde. Láti abẹ́ aṣọ ìbora ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: “Gbé e sókè díẹ̀. Mi ò gbọ́ ìparí rẹ̀.”

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹrin

Aago méjì ọ̀sán, ọ́fíìsì máníjà. Máníjà nídìí tábìlì, olùkọ́ wa lẹ́bàá fèrèsé, ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà. Kí a tó wọlé, Ajẹbírò ti mú ọṣẹ kan tí wáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tún jáde.

Olórí sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́. Ó sọ nípa afẹ́fẹ́, ó sọ nípa ètò orí fóònù, ó fi àwòrán hàn. Nígbà tó dé orí “ìdí mìíràn”, ó jókòó, ó wò mí.

Mo dìde. Ajẹbírò sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ kejì.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ méjèèjì.”

Máníjà tẹ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìka rẹ̀ wọlé. Ó tẹ èkejì. Ó tún un tẹ̀.

“Ìgbà wo ni wọ́n ti gé eléyìí?”

“Ìgbà tí Olórí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni, sà.”

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Olùkọ́ wa yíjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì.

Máníjà ò rẹ́rìn-ín. “Kí ló ń mú kí ọṣẹ dúró tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi?”

“Ìpàdé aago mẹ́wàá ni, sà.”

Mo sọ nípa oṣù kẹsàn-án. Mo sọ nípa 38 àti 3. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé nǹkan rẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Máníjà gbé tíì rẹ̀, kò mu ún, ó gbé e padà.

“Èmi ni mò ń fọ́ ọṣẹ nígbà náà.”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà.”

“O sọ ọ́. O kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni.”

Ibẹ̀ ni mo rò pé màá jókòó. Mi ò jókòó. “Ó ku ẹyọ kan, sà. Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, èmi ni mo ka ọṣẹ tó wà nínú rẹ̀, mo sì ṣì í. Màmá Olóǹtẹ̀ kò ba ọṣẹ kankan jẹ́. Èyí tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń kó fún un, torí ẹlòmíì ò lè tẹ̀ ẹ́.”

Ó wá yíjú sí ọ̀gá. “Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń kó o fún un?”

Ọ̀gá ní, “Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀, sà. Kò sẹ́ni tó bi wá.”

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù kẹrin

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀ ni ìpàdé, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Olùkọ́ wa fún wa ní máàkì tó ga jù nínú kíláàsì. Olórí fi ìròyìn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́tà ńláńlá ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá jẹun. Mo ní mò ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni mo lọ.

Máníjà ti fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Màmá láàárọ̀ pé kí ó padà lọ́jọ́ Ajé. Mọ́tò náà ti padà dé, òfìfo.

Oníbébà ló sọ fún mi. “Ó ní òun ò wá. Ó ní ọdún mọ́kànlélógún, bébà kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé òun, ẹni tó kọ ọ́ ò sì bi òun ní ohunkóhun. Ó ní kí wọ́n lọ sọ fún bébà náà kó wá fa òǹtẹ̀.”

Mo bi í níbi tí ilé Màmá wà.

Ó dáwọ́ dúró. “Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?”

“Èmi ni mo ka ọṣẹ náà, mà. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ Màmá fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì jẹ́wọ́ fún yín.”

Ojú rẹ̀ le, ó le gan-an, mo rò pé yóò lé mi. Ó fa bébà kan yọ, ó fi bírò ya ọ̀nà sí i: òpópónà kejì lẹ́yìn àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, géètì aláwọ̀ ewé, ajá kan wà níbẹ̀ tí kì í bu ni jẹ ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ pé òun kì í bu ni jẹ.

“Ó lè má ṣílẹ̀kùn fún ọ o.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Má sì mú ọṣẹ dání lọ kí i.”

Lọ́la, màá wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà. Màá sọ orúkọ mi fún Màmá, màá sọ pé èmi ni, kí n tó bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá tilẹ̀kùn mọ́ mi, màá dúró lẹ́nu géètì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, mi ò ní kíláàsì.